Ọgbà Jàpáànù Ẹ̀yìn Ilé Ẹnjiníà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọgbà náà, mo rò pé wọn kò tíì parí rẹ̀ ni. Ọ̀gá mi, obìnrin tó ń tọ́ òdòdó tà lójú ọ̀nà Ọ̀dà ní Àkúrẹ́, ló rán mi lọ sí Oǹdó pé kí n lọ bá ẹnjiníà kan tó ti fẹ̀yìn tì gé igi ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Mo gbé àdá, ìgbálẹ̀, àti sísọ́ọ̀sì ńlá tí a fi ń gé òdòdó dání. Mo dé ẹ̀yìn ilé, n kò rí òdòdó kankan. Òkúta ńláńlá mélòó kan ló wà níbẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ funfun sì yí wọn ká. Ọparun wà ní igun kan, igi páìnì kúkúrú kan sì tẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀.

Mo bi Ẹnjiníà pé ibo ni kí n gbin òdòdó sí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà èwe òun, ìjọba rán òun lọ kọ́ iṣẹ́ afárá ní Jàpáànù, ibẹ̀ ni òun ti rí irú ọgbà báyìí. Òkúta ńlá dúró fún òkè. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń fi rékì eléyín gbọọrọ fà ní ìlà-ìlà kó lè dà bí omi tó ń ṣàn.

"Kí wá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, sà?"

"Wọ́n ń jókòó, wọ́n ń wò ó."

Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó mú kí n fẹ́ mọ̀ sí i. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún nìyẹn, nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹnjiníà kọ́ mi pé a kì í gé páìnì pẹrẹsẹ bí òdòdó ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ la fi ń já ewé tó bá dí jù, títí èèyàn yóò fi máa rí ògiri láti àárín ẹ̀ka. Tí mo bá ń fa rékì, ẹ̀yìn ni mo ń rìn, kí ẹsẹ̀ mi má ba ìlà jẹ́. Ìyẹn kò ṣòro fún mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá mi ṣe kọ́ àwa ọmọbìnrin rẹ̀ láti gbálẹ̀ nílé, kí ipa ìgbálẹ̀ hàn, kí ipa ẹsẹ̀ má hàn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ewé tútù múlọ́múlọ́ tó bo ara òkúta ńlá wọ̀nyẹn. Irú rẹ̀ ló máa ń hù sára ògiri ilé ìwẹ̀ lásìkò òjò, tí a máa ń fi àdá ha kúrò kó má baà yọ èèyàn ṣubú. Ẹnjiníà ní ohun iyebíye ni lọ́dọ̀ àwọn ará Jàpáànù, pé láìsí i, òkúta lásán ni òkúta náà. Ó pẹ́ gan-an kó tó bo gbogbo wọn. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń bomi rin ín láràárọ̀.

Màmá, ìyàwó rẹ̀, kò fẹ́ràn ọgbà náà. Ó ń wò ó bí àlejò tí kò mọ ìgbà tí yóò lọ. Ìńtálọ́ọ̀kì ló fẹ́ kí wọ́n tẹ́ síbẹ̀, kí àwọn ọmọ lè rí ibi gbé mọ́tò sí nígbà ọdún. Wọ́n sọ ọ́ títí wọ́n fi ṣe àdéhùn: níwọ̀n ìgbà tí ewé bá ṣì wà lára òkúta, kí ọgbà wà. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá pa á, Ẹnjiníà ní òun ti dàgbà ju kí òun tún bẹ̀rẹ̀ lọ, kí Màmá pe àwọn oní-ìńtálọ́ọ̀kì.

Ọ̀gbẹlẹ̀ kò pa á. Àwọn ẹbí ló pa á, tìfẹ́tìfẹ́.

Àbígbẹ̀yìn wọn fẹ́ lọ́kọ, àwọn àna sì ń bọ̀ wá mọ ilé. Bí ó ti ku ọ̀la, tọkọtaya lọ ra nǹkan ní Àkúrẹ́. Àwọn obìnrin ẹbí kóra jọ láti tún àyíká ṣe. Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Àgbà ló ṣáájú wọn. Nígbà tí wọ́n rí òkúta tó hu ewé lẹ́yìn ilé, ojú tì wọ́n nítorí àbúrò wọn. Wọ́n fi àdá ha á, wọ́n po ọṣẹ, wọ́n fi kànìnkànìn fọ òkúta títí ó fi ń dán.

Èmi dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti fa rékì. Mo bá Ẹnjiníà lórí àga rẹ̀, Ìyá Àgbà sì dúró tì í, ó ń retí kó yìn wọ́n.

"Akin, ṣé o rí i? Kò sí àna tó máa sọ pé ilé wa ti di ahoro."

Ẹnjiníà dìde lórí àga. "Mo rí i, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ṣeun."

Nígbà tó ku àwa méjèèjì, ó ní kí n má wulẹ̀ fa rékì mọ́, pé bí àwọn àna bá ti lọ, òun yóò ní kí Màmá pe àwọn oní-ìńtálọ́ọ̀kì.

N kì í dá sí ọ̀rọ̀ onílé. Lọ́jọ́ yẹn, mo lọ bá Ìyá Àgbà nídìí ààrò, mo sọ ohun tí wọ́n fọ̀ dànù fún un.

"Ìdọ̀tí yẹn?"

"Bàbá ló ń tọ́ ọ, mà. Ó ti ń tọ́ ọ tipẹ́."

"Akin ń tọ́ ọ? Bí ẹni ń tọ́ adìyẹ?" Ó fi igbákọ sílẹ̀, ó jókòó. Àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó ní, "Ó kún ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ mi. Tìtorí ẹ̀ ni mo ṣe ń bú ìyàwó ọmọ mi lójoojúmọ́."

Lọ́jọ́ tí àwọn oní-ìńtálọ́ọ̀kì wá wọn ilẹ̀, àwọn obìnrin náà tò wọlé, kálukú gbé bàsíà sórí. Ewé ògiri ilé ìwẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ti ẹ̀bá kànga, ti ìdí àmù, pẹ̀lú erùpẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn. Màmá béèrè ohun tí wọ́n rù. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní kí àwọn oníṣẹ́ lọ tẹ́ tiwọn sí iwájú ilé, kí wọ́n fi ẹ̀yìn sílẹ̀ di ìparí òjò, kí a wò ó bóyá yóò mú.

Mo fi ẹrẹ̀ rírọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta. N kò ṣe irú rẹ̀ rí, n kò sì mọ̀ bóyá yóò yè. Èyí tó ti ìdí àmù wá kú. Ti ilé ìwẹ̀ Ìyá Àgbà mú, ó sì tàn ká. Nígbà tí òjò fi tán, Màmá kò dárúkọ ìńtálọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ilé mọ́. Àwọ̀ ewé náà kò dọ́gba mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, kálukú obìnrin sì mọ ibi tirẹ̀. Tí wọ́n bá wá kí Ẹnjiníà, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà. Ó ní òun kò rí ọgbà tí àwọn tó ni òkúta rẹ̀ pọ̀ tó báyìí rí ní Jàpáànù.

Mo ṣì ń lọ. Bí ibì kan bá gbẹ lára òkúta, ilé Ìyá Àgbà ni mo ń yà sí lọ bu òmíràn. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló máa ń mú mi lọ sẹ́yìn ilé ìwẹ̀.

"Ẹ bá mi kó gbogbo ẹ̀ lọ, mà. Ó ń yọ àwọn ọmọ."

Ìyá Àgbà á dáhùn láti inú yàrá pé, "Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ha á tán. Àbúrò mi ló ni ín."