Àmín Tó Bo Àtẹ̀jíṣẹ́ Mi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ni mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí gúrúùpù àdúgbò wa lórí fóònù, ní Agbowó: “Ẹ má lọ sí Òjòó mọ́ o. Ọlọ́pàá ti kún ibẹ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀ àdúgbò la ó ti pàdé.” Kí n tó kọ ọ́, mo ti pe èèyàn méjì tó ń tajà ní Òjòó. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì sọ.

Ìwọ́de nítorí iná ni. Tiransifọ́mà wa ti jó láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò ti dé, ẹnikẹ́ni ò wá wò ó. Orí gúrúùpù yẹn la ti ṣètò ohun gbogbo: ẹni tó máa kọ pátákó, ẹni tó máa gbé omi, ibi ìpàdé, tí a kọ́kọ́ fi sí Òjòó. Mi ò rò pé à bá lè ṣe é láìsí i.

Kò pẹ́ tí bàbá alága àwọn onílé fi àdúrà tiwọn náà ránṣẹ́: kí á má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ni Àmín bá bẹ̀rẹ̀. Àmín lórúkọ Jésù. Àmín yá Robbi. Àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé. Àtẹ̀jíṣẹ́ mi ti lọ sókè, kò hàn mọ́. Mo pe alága.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti gúrúùpù fún wákàtí kan, kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ó lè kọ nǹkan síbẹ̀.”

“Kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ Àmín? Ìwọ ọmọ yìí, o jáde yunifásítì tán, àdúrà wá ń ni ọ́ lára?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Tún un fi ránṣẹ́ jàre.”

Mo tún un fi ránṣẹ́. Àmín bo ìyẹn náà.

Mo lọ kan ilẹ̀kùn màmá tí yàrá wọn kọjú sí tèmi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, àwọn nìkan ló ń gbébẹ̀. Wọ́n ti jáde. Lálẹ́ àná ni wọ́n sọ fún mi pé, “Tíṣà kì í pẹ́ dé ibi tó ti fẹ́ bá ẹlòmíì wí pé ó pẹ́.” Mo pè wọ́n. Fóònù dún títí, wọn ò gbé e. Nígbà tó di ọ̀sán, kò dún mọ́.

A ṣe ìwọ́de náà. Ẹnì kan gba ìwé wa ní ọ́fíìsì iléeṣẹ́ iná, a sì padà sílé. Màmá ò padà.

Oníkẹ̀kẹ́ kan ní òun rí i tí wọ́n gbé ìyá àgbà kan sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá ní Òjòó. Òmíràn ní ìyá náà ti wọ ọkọ̀ Ìwó Road kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lé èèyàn. Mo béèrè àwọ̀ aṣọ tó wọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú àwọn méjèèjì. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní àwọn ò mú ìyá àgbà kankan. Alága bá mi lọ.

Mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ mi láti wo àwọn tó ti kà á. Màmá wà lára wọn. Ohun tí fóònù ń pè ní kíkà kò ju pé ó kọjá lójú wọn lọ.

Lábẹ́ àdúrà alága, ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, màmá kọ tiwọn pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́: “Àmín. Ẹ ṣeun, sà.”