Ogún Sójà, Ojú Kan Ṣoṣo

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbọ́ bí ìtàn tí mo fọwọ́ ara mi kọ ṣe dójú tì mí ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ní Èkó, níbi tí mò ń gbé!

Ogun abẹ́lé ti parí bí ọdún mẹ́ta nígbà náà. Tíṣà ni mí ní Yaba, ọ̀gá iléèwé wa sì gbà láti tẹ ìtàn mi sínú ìwé ìròyìn iléèwé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí orúkọ mi máa jáde nínú ìwé nìyẹn o!

Ìtàn ọjọ́ iwájú ni. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mú ọkùnrin kan, wọ́n ṣe ogún ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n kó àwọn ẹ̀dà náà lọ sójú ogun. Gbogbo wọn kú, ará ìlú ń jó, torí kò sí ìyá tó máa sunkún. Mo rò pé mo gbọ́n. Ọgbọ́n kẹ̀!

Mo bẹ Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé, aládùúgbò mi tó ti ṣe sójà rí, pé kí wọ́n jẹ́ ká ya fọ́tò wọn. Fótógíráfà wá fi ojú wọn kan ṣoṣo ṣe ogún sójà sórí bébà kan. Ó rẹwà! Mo sáré gbé e lọ sílé wọn, mo sì ka ìtàn náà fún Ẹ̀gbọ́n àti ìyá wọn.

Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn nawọ́ sí fọ́tò kan lára ògiri: sójà méjì, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Èmi nìkan ni wọ́n yà níbẹ̀," Ẹ̀gbọ́n ní. "Wọ́n tẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì nítorí Màmá. Táíwò kú sójú ogun láìya fọ́tò nínú aṣọ sójà."

Wọ́n ní ọ̀gá sójà tó wá túfọ̀ sọ fún Màmá pé kí wọ́n má sunkún jù, ó ṣe tán, ẹni tó jọ ọ́ ṣì wà nílé.

Màmá wá gba fọ́tò tèmi. Wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí àwọn ojú náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kí lorúkọ eléyìí? Eléyìí ńkọ́?"

Ojú tì mí, ẹ̀yin èèyàn mi!

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tọ ọ̀gá iléèwé lọ, mo ní mo fẹ́ tún ìtàn náà kọ. Wọ́n fárígá. Wọ́n ní àwọn atẹ̀wé ń dúró, àti pé ẹni tí wọ́n ṣe bíi búlọ́ọ̀kù, ta ló máa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀? Mo ní tí mi ò bá lè tún un kọ, kí wọ́n yọ ọ́. Mo dúró gbọingbọin lórí ọ̀rọ̀ mi! Wọ́n sì yọ ọ́ lóòótọ́.

Mo sunkún díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo tún un kọ. Mo sọ gbogbo ogún wọn lórúkọ. Ọ̀kan fẹ́ràn ẹ̀wà, ọ̀kan ń bẹ̀rù òjò. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní kí wọ́n lọ kú, àwọn ogún náà béèrè ìdí. Mo kà á fún Màmá ní pálọ̀ wọn. Màmá ní kí n tún orúkọ àwọn ogún náà pè, kí n má sáré.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé: bí a bá tilẹ̀ fọwọ́ dá èèyàn, a ò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ di ohun tá a lè jù nù. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹnikẹ́ni ti sọ fún yín rí pé ẹlòmíì lè rọ́pò ẹni tẹ́ ẹ pàdánù? Ẹ sọ ọ́ fún mi o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ onítọ̀hún.