Òro Dídùn Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ní kékeré mi ní Ajídò, ìlú wa létí ọ̀sà, ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé igbó ẹ̀yìnkùlé wa kàn hù fúnra rẹ̀ ni. Ọ̀pẹ wà níbẹ̀, ìyeyè àti orógbó wà níbẹ̀, pẹ̀lú igi òro ńlá kan, òro tí a ń fi kóró rẹ̀ se ọbẹ̀ ààpọ̀n. Bí òjò bá ti ń rọ̀, èso rẹ̀ á máa já bọ́ gbì, gbì, àwa ọmọdé á sì sáré débẹ̀ kí ewúrẹ́ tó dé. Omi rẹ̀ á ṣàn dé ìgúnpá wa, fọ́nrán rẹ̀ á há sí wa léyín, a ó sì jẹ ẹgba nítorí aṣọ tí a fi nu ọwọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Lọ́dún kan, ẹja ṣọ̀wọ́n nínú ọ̀sà. Bàbá mi tó jẹ́ apẹja ní òun fẹ́ ṣán igbó náà láti fi gbin ẹ̀gẹ́, kí a lè rí gàrí jẹ. Lọ́jọ́ tí àdá kan igi òro, Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, lọ jókòó sídìí rẹ̀.

Bàbá ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Irú ẹ̀ pọ̀ ní òdìkejì ọ̀sà.”

Ègùn ni Màmá Àgbà, Yorùbá rẹ̀ kì í yára. Ó ní, “Lọ mú ọ̀kan wá níbẹ̀, ká tọ́ ọ wò.”

Bàbá gbé ọkọ̀ ojú omi, èmi náà bá a lọ. Nígbà tí a padà dé ilé, Màmá Àgbà la òro tí a mú wá. Bàbá gé e jẹ, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó tu ú dànù. Èmi náà tọ́ ọ wò. Ó korò bí ewúro tí wọn kò fọ̀. Màmá Àgbà wá fún wa ní tiwa.

“Ta ló jẹ́ kí èyí dùn?” Ó bi Bàbá, ó sì dáhùn fúnra rẹ̀: “Àwọn tó gbé ibí kí àwọn baba wa tó dé ni. Èyí tó bá korò, wọ́n á gé e. Èyí tó bá dùn, wọ́n á ro ìdí rẹ̀, wọ́n á gbin kóró rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ò ń pè ní igbó yìí, ọwọ́ èèyàn ló ṣe é.”

Bàbá gbé àdá rẹ̀ kúrò nídìí igi òro. Nígbà tó yá, ó gbin ẹ̀gẹ́ díẹ̀ sáàárín àwọn igi náà. Gàrí wa kò tó nǹkan lọ́dún yẹn, ọbẹ̀ ààpọ̀n la sì jẹ títí tí ẹja fi padà.

Ní báyìí, ilé ti gba ọ̀pọ̀ igbó náà. Jùsì inú páálí ni àwọn ọmọ mi ń mu, wọ́n sì ń ka orúkọ àwọn tó ṣe é lára rẹ̀. Nígbà tiwa, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹni tó ṣe òro. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọjá lọ sí Ìwòrò, ìlú tó wà nítòsí wa, tí mo rí ọ̀pẹ àti ìyeyè tó sún mọ́ra, mo máa ń dín ìrìn kù. Mo máa ń rò ó pé ẹnì kan ti dúró síbẹ̀ rí, ó jẹ èso kan, ó dùn mọ́ ọn, ó sì rántí àwọn ọmọ tí kò ní fojú rí láéláé.