Píìnì Irun Ìyàwó Má-Tẹ̀-Ẹ́

Ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọbìnrin káfíńtà wa ni àdúgbò ò lè gbàgbé. Ayàwòrán ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ìdílé rẹ́rìn-ín ni, irun ìyá ìyàwó bá tú bò ó lójú. Ó yíjú sí ọkọ ẹ̀.

"Bàbá, píìnì irun mi dà?"

Ọkọ ẹ̀, káfíńtà tí gbogbo wa ń pè ní Má-Tẹ̀-Ẹ́, wo bàtà ara ẹ̀. "Má bínú, ìyá. Àwọn ọmọ yẹn ló ń lò ó."

Sitirọ́bẹ́rì, ewéko eléso pupa tó gbìn síwájú ilé, ló ń pè lọ́mọ. Sitirọ́bẹ́rì a máa na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ jáde, ọmọ tuntun a sì yọ lórí okùn náà. Káfíńtà wa á gbé ìkòkò oníyẹ̀pẹ̀ sábẹ́ ọmọ, á fi píìnì ìyàwó ẹ̀ tẹ okùn mọ́lẹ̀ kó lè ta gbòǹgbò. Ó mọ ìyẹn ṣe dáadáa. Gígé okùn kúrò lára ìyá ni kò lè ṣe láyé.

"Ọmú ló ṣì ń mu," ni yóò wí. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ọlọ́mú ọ̀hún ti ń so èso.

Nígbà kan, okùn kan gba ẹnu ọ̀nà kọjá, káfíńtà wa bá ti ilẹ̀kùn pa. Àna ẹ̀ dé nínú òjò, ó kanlẹ̀kùn.

"Ẹ gba ti ilé ìdáná, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ṣé ilẹ̀kùn bàjẹ́ ni?"

"Rárá o. Ọmọ ń sùn níbẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́!"

Nígbà tí Má-Tẹ̀-Ẹ́ kú, ilé ìdáná la gbé pósí ẹ̀ gbà jáde. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa pé ká ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìyàwó ẹ̀ rí i pé ewé àwọn ìyá ń pọ́n, àwọn ọmọ ti fà wọ́n gbẹ. Bí gbogbo ẹ̀ bá kú, kí ló kù tó fi máa rántí ọkùnrin yẹn? Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó sunkún díẹ̀, ó gé okùn.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Wọ́n ti tó jẹun."

Ó kó àwọn ọmọ tòun ti iyẹ̀pẹ̀ ìdí wọn lọ sórí ebè tuntun, kò jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ bo orí wọn. Ó ń bomi rin wọ́n, ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀, títí wọ́n fi gbérí.

Nígbà tó yá, àwọn náà na okùn tiwọn. Ọ̀kan doríkọ ẹnu ọ̀nà. Ìyá gbé ìkòkò sábẹ́ ẹ̀, ó yọ píìnì kan ṣoṣo tó wà lórí ẹ̀, ó fi tẹ okùn náà mọ́lẹ̀. Irun tú bò ó lójú.

Aládùúgbò kan kanlẹ̀kùn. "Ìyá, ṣé ẹ wà nílé?"

"Mo wà o. Ẹ gba ti ilé ìdáná."