Rédíò Ìyá Aránṣọ

Èdè Faransé ni ajá mi fi ń gbó. Ìyá aránṣọ tí a jọ ń gbélé ní Èbúté Mẹ́ta ló fà á. Bó bá ti jókòó ti máṣíìnì, rédíò Faransé á máa sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Kútọnu ò gbọ́ Yorùbá, àdúrà rẹ̀ sì ni kí àwọn méjèèjì lè gbọ́ra wọn yé.

Mo ní, "Ìyá, ẹ ò tiẹ̀ tẹ́tí sí i."

"Bàbá, ta ló jókòó kọ́ yín ní Yorùbá?"

Lọ́jọ́ tí ọmọ náà pè, ó ń sọ pé, "Wí, wí," ìyẹn "bẹ́ẹ̀ ni" lédè wọn.

Ìyá wò mí. "Ó ní kí n wí."

Ló bá ń wí gbogbo ohun tí rédíò ti rọ sí i létí, títí dórí òjò tí yóò rọ̀ ní Dákà. Gbogbo rẹ̀ ló yé ọmọ náà.

Ibẹ̀ nìkan ni mo ti parọ́. Kò yé e rárá. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni, kò sì pa fóònù.