Òòlù Ọkọ Mi

Ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba ni ọkọ mi. Igi tí wọ́n bá máa gé, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi òòlù lu àmì ìjọba sí i lára. Ẹni tó bá gé igi tí kò ní àmì, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ọkọ mi o, àmọ́ tó bá ti kan ọ̀rọ̀ igbó, kò mọ ará ilé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àbúrò mi tó ń gégi sáré wọlé wá bá ọkọ mi. Ó ti gé igi kan láìgbàṣẹ, àwọn ọ̀gá sì ń bọ̀ wá yẹ igbó wò.

"Bùọ̀dá, ẹ bá mi lù ú, ẹ̀ẹ̀kan péré!"

"Nígbà tó o fẹ́ gé e, o ò mọ̀nà ilé mi, àbí?"

Àbúrò mi kọjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà wáá ń wò mí bíi sinimá!"

Kí n tó lanu, ọkọ mi ti ki òòlù bọ̀ mí lọ́wọ́. "Àbúrò rẹ ni. Tó o bá gbé e fún un, mi ò ní bi ọ́." Ló bá jáde.

Ẹ gbà mí! Tí mo bá gbé e fún un, tí àṣírí tú, iṣẹ́ ọkọ mi bọ́. Tí mi ò bá gbé e, ọmọ ìyá mi dèrò ẹ̀wọ̀n. Òòlù yẹn wúwo lórí itan mi bí ọmọ tó ti sùn lọ. Nígbà tó yá, mo gbé e kọ́ padà sára ìṣó rẹ̀.

Ní báyìí, èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ fún àbúrò mi lẹ́wọ̀n. Kì í bá mi sọ̀rọ̀. Tí mo bá délé, ọkọ mi á ní, "Ṣé ó jẹun?"

Èmi náà kì í dá a lóhùn.