Orin Tí Délé Kọ Fún Ìyá Rẹ̀ Nínú Kọ̀ǹpútà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró ní ilé ìtajà òògùn kan ní Agboju, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ọjà wò sì ń ké pí, pí, pí. Ọmọbìnrin tó ń lò ó kò tilẹ̀ gbọ́ ọ mọ́. Ní tèmi, mo dúró tẹ́tí sí i. Irú ohùn tínrín bẹ́ẹ̀ ni Délé ọ̀rẹ́ mi fi kọ orin fún ìyá rẹ̀, nígbà tí a wà ní kékeré ní Festac.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń gbé kọ̀ǹpútà sùn bí ìrọ̀rí, ẹ kò lè mọ ọ̀wọ̀ tí a fún un nígbà náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni Bàbá Délé. Nígbà tí iléeṣẹ́ wọn kó lọ sí Abuja, ó ra ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí wọn kò kó lọ, ó sì gbé e sí yàrá tó dára jù nínú fúláàtì wọn. Ẹ̀rọ náà ní fáànù tirẹ̀. Àwọn ọmọ ilé kò ní. Màmá Délé fi léèsì bò ó lórí bí ìyàwó tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé tọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà, nítorí Bàbá Délé ti gbọ́ pé fáírọ́ọ̀sì ń pa kọ̀ǹpútà, ó sì dá a lójú pé ẹsẹ̀ ènìyàn ló ń gbà wọlé. "Fọ ẹsẹ̀ ẹ!" ni yóò máa pariwo láti pálọ̀. Bí àwọn aládùúgbò bá ń bọ̀ wá wò ó, á so táì.

Délé nìkan ni kò bẹ̀rù ẹ̀rọ náà. Inú ìwé kan tí kò ní èèpo ẹ̀yìn mọ́ ló ti kọ́ bí a ṣe ń pàṣẹ fún un. Nígbà tí ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó kọ ètò kan sínú rẹ̀: ẹ̀rọ náà yóò kọ́kọ́ kí màmá, yóò dákẹ́ kí màmá lè dáhùn, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi pí-pí kọ orin ìsìn tí màmá fẹ́ràn jù. Nínú ilé wọn, ẹni tí kò bá tíì kí màmá kò gbọdọ̀ bèèrè omi. "Ọmọ ilé lòun náà," ni Délé wí. Kí ohùn kọ̀ọ̀kan àti ìdákẹ́ náà lè gùn tó, ó ní kí ẹ̀rọ náà máa ka òǹkà sínú kí ó tó bọ́ sí èyí tó kàn.

Nígbà òjò ọdún kejì, ibà gbé Délé lọ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà mọ́ títí ó fi bàjẹ́ lábẹ́ léèsì rẹ̀. Màmá tọ́jú dísíkẹ́ẹ̀tì, ike pélébé tí orin náà wà lórí rẹ̀, sínú àpò Bíbélì.

Lọ́dún yìí ni ó pè mí. "Etí mi ń dí lọ," ó ní. "Dókítà ní kò sí àtúnṣe. Bá mi jí orin Délé dìde kí ó tó dí pátápátá."

Kọ̀ǹpútà tuntun tí mo gbé lọ kò ní ihò tí dísíkẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Mo wá ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń fi wáyà so mọ́ ọn. Màmá, ẹ̀wẹ̀, ti ń fi òróró ìyàsímímọ́ ya àgbélébùú sára dísíkẹ́ẹ̀tì náà ní gbogbo ìsìn ọdún tuntun, dísíkẹ́ẹ̀tì wá ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ẹja. "Òróró yẹn ló tọ́jú ẹ," ó ní. Mo nù ún, mi ò jiyàn. Ọpẹ́ ni pé kò wọnú.

Mo tì í bọ inú ẹ̀rọ kékeré náà, mo tẹ bọ́tìnnì. Ìkíni náà kọ yẹ̀rì lójú kọ̀ǹpútà, ó pòórá. Orin náà dún: pìì! Ó tán. Kọ̀ǹpútà tuntun ti sáré ka gbogbo òǹkà Délé kí n tó ṣẹ́jú.

"Kí nìyẹn?"

"Ó ń kánjú ni, mà."

"Délé mi kì í kánjú."

Ètò kan wà tí ó lè mú kọ̀ǹpútà tuntun ṣe bí ti àtijọ́. Àwọn bàbá Festac ń kun irun wọn ní dúdú kí wọ́n lè jọ ọ̀dọ́. Èmi ń kọ́ ẹ̀rọ ọ̀dọ́ bí a ṣe ń díbọ́n arúgbó. Bó bá falẹ̀, á yadi. Bó bá sọ̀rọ̀, á tún sáré. Nígbà tí mo fi rí i ṣe, tí mo padà lọ, ẹnu mi ni màmá ń wò bí mo bá ń sọ̀rọ̀.

Ìkíni náà jáde, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn: Ẹ KÁÀÁRỌ̀ MÀ, MO DỌ̀BÁLẸ̀.

"Káàárọ̀, ọmọ mi," ni màmá wí. "Dìde. Ṣé o sùn dáadáa?"

Lẹ́yìn ìdákẹ́ náà, orin bẹ̀rẹ̀. Ohùn kọ̀ọ̀kan gùn bó ṣe yẹ. Màmá ṣì na ọrùn sí ẹ̀rọ náà.

"Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀?"

Mo fi orí dáhùn. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rọ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ parí, màmá kò mọ̀, ó ń kọrin lọ. Mo dúró títí ó fi ṣe àmín.

"Délé kọ ọ́ dáadáa, àbí?"

"Ó kọ ọ́ dáadáa, mà!" Mo fi igbe sọ ọ́ sí i létí.

Ẹ̀rọ ayé ìsinsìnyí kì í dúró de ẹnikẹ́ni, àwa tó ń lò wọ́n náà kì í sì í dúró mọ́. Mo fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ fún màmá. Àràárọ̀ ló ń ṣí i, kì í ṣe nítorí orin mọ́, bí kò ṣe kí ó lè ka ìkíni náà, kí ó sì dá a lóhùn. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, mo fi díẹ̀ kún òǹkà Délé, kí ìdákẹ́ náà lè gùn sí i, kí màmá lè ráyè bi í bóyá ó ti jẹun.